Sàpara Williams, Agbẹjọ́rò Àkọ́kọ́ Nínú Àwọn Ọmọ Ilẹ̀ Wa

Bí ọmọ kan bá fẹ́ di agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà lónìí, ọ̀nà tí yóò tọ̀ kò ṣókùnkùn. Yóò yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti lítíréṣọ̀ rẹ̀ yóò sì wà nínú iṣẹ́ tí ó yege. Yóò lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì. Lẹ́yìn náà ni yóò tó lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin, níbi tí a ti ń kọ́ ọmọ bí a ti ń fi òfin ṣe iṣẹ́. Àwọn òbí ń kígbe owó, àwọn ọmọ ń kígbe pé àyè kò tó, àwọn àgbà lẹ́nu iṣẹ́ náà sì ń ráhùn pé ẹnu ọ̀nà ti fẹ̀ jù. Ariwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í ṣe tuntun. Wọ́n ti wà ní Èkó láti ìgbà ayé Christopher Alexander Sàpara Williams, ẹni tí ó kọ́kọ́ gba oyè agbẹjọ́rò nínú gbogbo ọmọ ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí a kì í sábà sọ ni irú ìlú tí ó wọ̀ láti wá ṣe iṣẹ́ náà, àti ohun tí ó ná an kí ó tó lè dúró níwájú adájọ́.

Ní ọdún 1855 ni a bí i ní ilẹ̀ Sàró, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mọ ìtàn àwọn Sàró dáadáa: àwọn ènìyàn wa tí ogun àti òwò ẹrú kó lọ, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú òkun, tí a sì sọ̀ kalẹ̀ sí Freetown. Wọ́n gba ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ níbẹ̀, wọ́n gba orúkọ àjèjì, wọ́n sì fi ọmọ sí ilé-ìwé bí ẹni pé ìwé ni yóò gba gbogbo ohun tí ogun ti kó lọ padà fún wọn. Nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni Sàpara Williams ti jáde. Àbúrò rẹ̀ ni Dókítà Ògúntọ́lá Sàpara, oníṣègùn tí ó bá àrùn ṣọ̀pọ̀ná jà títí orúkọ rẹ̀ fi kàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àbúrò yìí bọ́ orúkọ Williams sọnù nígbà tí ó yá, ó ní Sàpara tó òun. Ẹ̀gbọ́n kò bọ́ ọ. Ó gbé méjèèjì pọ̀ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ìdílé tí ó lè bí agbẹjọ́rò kan àti dókítà kan ní ayé ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí a gbà pé kì í ṣe ìdílé tí ó ń fi owó ṣeré.

Òfin ni ẹ̀gbọ́n lọ kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ibòmíràn tí ó lè lọ. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ òfin kankan ní gbogbo ilẹ̀ wa nígbà náà, kò sì sí títí di nǹkan bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ilé àwọn amòfin tí à ń pè ní Inner Temple ni ó wọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ilé mẹ́rin tí ó ní àṣẹ láti sọ ènìyàn di agbẹjọ́rò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí bí ilé wọ̀nyí ti ń gba ènìyàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa rò pé òkè tí ó ga ni ẹ̀kọ́ òfin Lọ́ńdọ̀nù láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títí di ọdún 1872, ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀, tí ó san owó rẹ̀, tí ó sì ń wá jẹ oúnjẹ alẹ́ ní gbọ̀ngàn ilé náà ní gbogbo sáà tí ó yẹ, lè di agbẹjọ́rò láìṣe ìdánwò àṣejáde. Ọdún 1872 yìí ni wọ́n tó sọ ìdánwò di dandan. Sàpara Williams kò pẹ́ lẹ́yìn ìyípadà náà, nítorí ọdún 1879 ni òun parí tirẹ̀. Oúnjẹ náà kò sì kúrò nílẹ̀. Sáà méjìlá ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ pé, èyí tí ó jẹ́ ọdún mẹ́ta. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ yunifásítì gbọ́dọ̀ jókòó sí ìdí oúnjẹ nígbà mẹ́fà ní sáà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìgbà 72 ni. Ẹni tí kò bá ní oyè yunifásítì tún gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò ìwọlé, èdè Látìn wà nínú rẹ̀. Èdè Látìn! Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí sí Freetown, tí yóò wá máa gba ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí rò ní Èkó, ẹ wo ohun tí a fi wọn ọgbọ́n rẹ̀.

Owó ńkọ́? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì a máa gba owó òǹtẹ̀ £25 lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wọlé, a sì máa gba £50 mìíràn lọ́jọ́ tí ó bá jáde. £75 ni èyí nìkan, ilé náà kò tí ì gba tirẹ̀. Ẹni tí kò wá láti yunifásítì tún gbọ́dọ̀ fi £100 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìdúró, tí wọn yóò dá padà fún un lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ẹ wá fi owó ọkọ̀ ojú omi kún un, owó ilé, owó aṣọ òtútù, owó ìwé, àti oúnjẹ ọdún mẹ́ta. Akọ̀wé kékeré lábẹ́ ìjọba ní Èkó yóò ṣiṣẹ́ ju ọdún kan lọ láìjẹ láìmu kí ó tó lè rí owó òǹtẹ̀ nìkan san. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọpọlọ nìkan ni ó ń sọ ènìyàn di agbẹjọ́rò láyé ìgbà náà, irọ́ ni ó pa. Ọpọlọ ni ó ń yege. Owó ni ó ń gbé ọpọlọ dé ibi ìdánwò.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1879 ni a pe Sàpara Williams sí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ní àkókò kan náà, àwọn ará ilé baba rẹ̀ wà ní ojú ogun Kírìjí, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ní apá kan, Ìbàdàn ní apá kejì, ìbọn sì ń dún lójoojúmọ́.

Ìlú Èkó tí ó wá ṣiṣẹ́ sí ti ní àwọn agbẹjọ́rò tirẹ̀ kí ó tó dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò kọ́ òfin. Láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní ọdún 1861 ni ẹjọ́ ti ń pọ̀ sí i ní kóòtù: ẹjọ́ gbèsè, ẹjọ́ epo àti aṣọ, ẹjọ́ ilẹ̀. Ènìyàn tí ó mọ òfin kò sí. Nígbà tí a ṣe Òfin Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti ọdún 1876, nígbà tí Èkó wà lábẹ́ Gold Coast, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún onírúurú ènìyàn. Ẹni tí ó bá gba oyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Skọ́tlándì tàbí ti Írẹ́lándì, lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá fi ọdún márùn-ún gbáko kọ́ṣẹ́ lábẹ́ agbẹjọ́rò kan níhìn-ín, tí ó sì yege ìdánwò, lè wọlé. Bí irú àwọn wọ̀nyí kò bá sì tó, Adájọ́ Àgbà ní àṣẹ láti mú ẹni tí ó bá rí i pé ó yẹ, kí ó fún un ní ìwé àṣẹ oṣù mẹ́fà. Bí oṣù mẹ́fà bá pé, ó lè sọ ọ́ dọ̀tun.

Ìlẹ̀kùn kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ gbà wọlé. Àwọn tí ó ti ṣe akọ̀wé ní kóòtù wà nínú wọn, àwọn oníṣòwò tí ó mọ̀wé sì wà níbẹ̀. Kò tọ́ kí a fi gbogbo wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan nínú wọn gbọ́n, wọ́n mọ ìlú, wọ́n mọ ẹni tí ó ń parọ́ àti ẹni tí ó ń sọ òótọ́, owó wọn kò sì ga ju apá tálákà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ipò tí wọ́n wà. Oṣù mẹ́fà péré ni iṣẹ́ wọn ní láti gbé. Ọkùnrin tí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ ọwọ́ adájọ́, tí yóò padà wá bẹ̀bẹ̀ ìwé àṣẹ ní oṣù keje, báwo ni yóò ṣe gbójú sí adájọ́ kan náà nítorí oníbàárà rẹ̀? Báwo ni yóò ṣe pe ìjọba lẹ́jọ́? Lójú tèmi, ibí yìí ni àbùkù náà wà, ju inú àìmọ Látìn lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 1888 ni Sàpara Williams forúkọ sílẹ̀ ní kóòtù Èkó. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ilẹ̀ yìí ti kọ́kọ́ dúró ní kóòtù wa pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí adájọ́ kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí oṣù mẹ́fà bá pé. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn mìíràn tẹ̀ lé e: Kìtóyì Àjàsá gba oyè tirẹ̀ ní ọdún 1893, Eric Moore gba tirẹ̀ ní 1903. Bí àwọn wọ̀nyí ti ń pọ̀ ni ìlẹ̀kùn kẹta ń tì mọ́ àwọn agbẹjọ́rò oṣù mẹ́fà, títí di ọdún 1913 tí ìlò wọn fi dópin. Sàpara Williams fúnra rẹ̀ ni alága ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò láti ọdún 1900 títí di ìgbà tí ó kú, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ohun kan wà tí ó mú kí òkìkí rẹ̀ ga ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kì í sì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti rí i. Òfin 1876 tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan pàṣẹ pé kí kóòtù máa tẹ̀ lé àṣà àti òfin ìbílẹ̀ nínú ẹjọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀, bí kò bá ti lòdì sí ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí ọkàn rere. Ṣùgbọ́n adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ àṣà náà. Kò sí nínú ìwé. Ẹni tí ó bá ní àṣà kan wà gbọ́dọ̀ mú àwọn ìjòyè àti àgbà wá láti jẹ́rìí sí i bí ẹni ń jẹ́rìí sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Agbẹjọ́rò tí kò bá mọ ìdí àṣà kò ní mọ ẹlẹ́rìí tí yóò pè, kò sì ní mọ ìbéèrè tí yóò bi í. Níbí ni Sàpara Williams ti ta gbogbo wọn yọ. Ó mọ òfin ìbílẹ̀ tí a kò kọ sílẹ̀ dé ibi tí kò sí ẹni tí ó lè bá a dọ́gba ní kóòtù nígbà ayé rẹ̀.

Kí a lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó, ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ ẹjọ́ kan tí kóòtù Èkó dá ní ọdún 1908, èyí tí àwọn amòfin mọ̀ sí ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé. Ilé ẹbí olóyè kan ni wọ́n ń jà sí. Baba ti kú, àwọn ọmọ ti pọ̀, ta ni olórí ẹbí? Ǹjẹ́ obìnrin lè jẹ olórí? Ta ni ó lè tà, ta ni kò lè tà? Òfin Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìdáhùn fún ìbéèrè wọ̀nyí. Kóòtù ní láti gbọ́ ẹnu àwọn àgbà, ó sì parí rẹ̀ sí i pé lẹ́yìn Dáwódù, ọmọ tí ó bá dàgbà jù nínú àwọn tí ó kù ni olórí, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin. Àwọn adájọ́ ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ náà títí di òní. Irú ẹjọ́ báyìí ni ó kún kóòtù tí Sàpara Williams ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo oúnjẹ ìgbà 72 tí a jẹ ní Inner Temple kò sì lè kọ́ ènìyàn ní ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Kí ni ìwé ẹ̀rí tí a fi owó gọbọi rà yìí wá rà fún un? Owó ni àkọ́kọ́, a kò gbọdọ̀ fi bò. Àwọn agbẹjọ́rò Èkó ìgbà náà rí jẹ, wọ́n kọ́ ilé alárà, aráyé sì ń wò wọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá lábẹ́ ìjọba kò sí fún wọn. Òyìnbó ni adájọ́, òyìnbó ni agbẹjọ́rò ìjọba, bí ọmọ ilẹ̀ tilẹ̀ kàwé jù wọ́n lọ. Ó jọ ìyà, ìyà sì ni. Síbẹ̀, ó mú nǹkan kan wá tí ìjọba kò rò. Agbẹjọ́rò tí kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ Gómìnà kò bẹ̀rù pé Gómìnà yóò dá a dúró.

Ní ọdún 1901 ni a yan Sàpara Williams sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Gómìnà ni ó yàn án, bẹ́ẹ̀ ni kò fi èyí di ẹrú Gómìnà. Ní ọdún 1903, ìjọba MacGregor gbé òfin kan wá lórí ìwé ìròyìn: ẹni tí ó bá fẹ́ máa tẹ ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ fi £250 dúró. Wọ́n ní nítorí àwọn tí ń ba ènìyàn lórúkọ jẹ́ ni. Àwọn ọmọ ilẹ̀ mẹ́ta tí ó wà nínú ìgbìmọ̀, Sàpara Williams, Charles Joseph George àti Dókítà Ọbadáyà Johnson, kọ̀ ọ́. Wọ́n rí i pé ẹnu ni wọ́n fẹ́ dí. Ìjọba pọ̀ jù wọ́n lọ, òfin náà sì kọjá. Ní 1904, ó dá a lábàá pé kí a tún ààlà Àríwá àti Gúúsù yẹ̀ wò kí gbogbo ẹni tí ó ń sọ èdè Yorùbá lè wà lábẹ́ ìṣàkóso kan. Ìjọba kò gbọ́. Nígbà tí ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1905, ó bá ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó àwọn ilẹ̀ àmúsìn sọ̀rọ̀ pé kí a dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Èkó. Èyí náà, wọn kò kà á sí. Ní 1909 ni Gómìnà Egerton tún mú òfin ọ̀tẹ̀-síṣọ wá, tí ó lè sọ ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn bá kọ lòdì sí ìjọba di ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n. Sàpara Williams tún dìde. Wọ́n tún borí rẹ̀.

Òǹkàwé lè wí pé ọkùnrin yìí kò borí nínú ohunkóhun. Bí a bá ka ìbò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí agbẹjọ́rò oṣù mẹ́fà. Ta ni nínú wọn ni ìbá dìde lẹ́ẹ̀mejì?

Ohun tí ó korò jù dé ní ọdún 1914. Láti 1904 ni àwọn ọba ilẹ̀ Yorùbá ti ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó jẹ́ kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga máa gbọ́ àwọn ẹjọ́ kan ní ìlú wọn, àwọn agbẹjọ́rò Èkó sì ń tẹ̀ lé kóòtù lọ sí òkè. Lugard kò fẹ́ èyí rárá. Ní tirẹ̀, agbẹjọ́rò ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ará oko kí ó lè rí owó jẹ. Nígbà tí ó da Àríwá àti Gúúsù pọ̀, ó dá àwọn Kóòtù Agbègbè sílẹ̀, níbi tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọ́ òfin, ti di adájọ́, agbẹjọ́rò kankan kò sì gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn lè dé ìdí okùn láìsí ẹni tí yóò gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Ìjọba tí ó ní kí agbẹjọ́rò jẹ oúnjẹ ọdún mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó lè yẹ, kò béèrè oúnjẹ kankan lọ́wọ́ adájọ́.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní 1915, Sàpara Williams kú. Ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó wà nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin títí di ìgbà náà.

Ọdún 1933 ni a tó yí òfin Kóòtù Agbègbè padà, tí agbẹjọ́rò tún fi rí àyè wọ kóòtù gíga ní òkè. Ní ọdún yìí kan náà ni Stella Thomas gba oyè ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni ó di adájọ́ májísíréètì. Ọdún 1958 ni ọmọ Nàìjíríà, Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, tó di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà.

Ní gbogbo àkókò yìí, ojú ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù kò yí padà. Baba ń ta kòkó, ẹbí ń fi ilẹ̀ dógò, ìlú mìíràn ń dá owó jọ, kí ọmọ kan lè lọ gba oyè. Ọmọ náà yóò padà dé pẹ̀lú wíìgì àti aṣọ dúdú, yóò mọ òfin ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní mọ bí a ti ń pín ogún ní ìlú baba rẹ̀. Iṣẹ́ kíkọ ìwé àdéhùn àti ìwé ilẹ̀, tí ẹlòmíràn ń ṣe lọ́tọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yóò bọ́ sí i lọ́wọ́ ní Nàìjíríà láìjẹ́ pé a kọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ tí Unsworth ṣe alága rẹ̀ ní ọdún 1959 ni ó sọ èyí kedere fún ìjọba. Wọ́n dámọ̀ràn pé kí oyè yunifásítì nínú ìmọ̀ òfin di dandan, kí a máa kọ́ òfin ní yunifásítì ilé, kí a sì dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ agbẹjọ́rò. Òfin tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ jáde ní 1962. Ní oṣù kìíní ọdún 1963 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ, ọdún 75 géérégé lẹ́yìn tí Sàpara Williams forúkọ sílẹ̀ ní kóòtù ìlú kan náà.